Gbólóhùn Ọpẹ́ Tí Mo Yọ Kúrò

Ìbínú ni mo gbé wọ iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n má purọ́. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ọlọ́pàá kan gbá mi létí lójú ọ̀nà Ìtóìkín nítorí pé mo bi í léèrè ohun tó ń wá nínú báàgì mi. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni etí náà fi ń hó. Ní ọjọ́ kẹrin, mo sọ fún ìyá mi pé lọ́yà tó ń mú ọlọ́pàá ni mo máa dà. Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọlọ́pàá ló ń mú lọ́yà, èmi ò tíì rí lọ́yà tó ń mú ọlọ́pàá. Jókòó kí o jẹun jàre."

Mo jókòó, mo jẹun, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá báyìí tí mo ti ń bá ìgbìmọ̀ kan ṣiṣẹ́, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn tí aráàlú bá fi kan ọlọ́pàá. Bí ẹnì kan bá ní ọlọ́pàá fìyà jẹ òun láìṣẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. A ó wádìí, àwọn mẹ́ta tó ń jókòó bí adájọ́ á gbọ́ tọ̀tún tòsì, wọn á sì sọ ohun tó yẹ kí ìjọba ṣe. Èmi ni lọ́yà tó ń gbé ọ̀rọ̀ olùfisùn síwájú wọn.

Ọ́fíìsì wa wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìkòròdú, lójú ọ̀nà tó lọ sí Èbúté. Láti ojú fèrèsé mi ni mo ti ń rí àwọn tó ń sáré lọ wọ ọkọ̀ ojú omi láàárọ̀, tí wọ́n bọ́ bàtà sọ́wọ́ kí omi má bà á jẹ́. Fáànù kan ni àwa mẹ́ta ń pín, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló máa ń yí i sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Àwọn tí a jọ jáde ilé ẹ̀kọ́ òfin ti ń kọ́ ilé, èmi ṣì ń ra bíró. Wọ́n máa ń bi mí pé kí ni mo rí nínú iṣẹ́ yìí tí mo fi ń dúpẹ́ ní gbogbo ìgbà. Ìtàn ìyá kan ní Ẹ̀pẹ́ ni mo máa ń sọ fún wọn, n kì í sì í sọ ibi tí ojú ti tì mí nínú rẹ̀. Lónìí, màá sọ ọ́.

Ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wá. Apẹja ni, ọmọ nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, tó fi àǹkárá ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ ọ̀tún kọ́ ọrùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n jí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kan ní apá Ipakodo, ẹnì kan sì sọ pé ọkọ̀ tó gbé e lọ ní ọ̀dà búlúù lára. Ọkọ̀ tirẹ̀ náà ní ọ̀dà búlúù. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọlọ́pàá láti àgọ́ kan tí mi ò ní dárúkọ wá gbé e nílé ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n tì í mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n rí ẹ́ńjìnnì náà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀, àbí?

Kò tán. Eegun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti dá sí méjì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá ní àhámọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Ìpẹ́kítọ̀ tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọwọ́ náà ti dá kí wọ́n tó mú un, àti pé ó tún fẹ́ bá ọlọ́pàá jà, sájẹ́ǹtì tó lọ mú un sì fọwọ́ sí i. Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù pé ó kọlu ọlọ́pàá lẹ́nu iṣẹ́, kóòtù sì gba onídùúró rẹ̀ pé kó máa ti ilé wá. Bí adájọ́ kóòtù yẹn bá gbà wọ́n gbọ́, ẹ̀wọ̀n ni. Apẹja tí kò lè fa àwọ̀n, tó tún fẹ́ ṣẹ̀wọ̀n nítorí pé wọ́n dá a lápá! Haà! Mo gbọ́ ọ, orí mi gbóná.

Mo bi í pé, "Ta ló rí ọwọ́ rẹ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n mú ọ, tó lè búra pé kò sí ohun tó ṣe é?"

Ó ní, "Bàbá mi àti ìyá mi. Bàbá mi ti kú. Ó ku ìyá mi nìkan, ṣùgbọ́n wọ́n wà nínú opó, wọn ò lè jáde."

Bàbá rẹ̀ ti ń ṣàìsàn tipẹ́, ọjọ́ kẹsàn-án tó kúrò ní àhámọ́ ni bàbá náà dákẹ́. Lọ́dọ̀ àwa Mùsùlùmí Ẹ̀pẹ́, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ bá kú a máa jókòó sílé fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ lèmi náà, n kò nílò kí ẹnikẹ́ni là á yé mi. Mo ní kó má ṣèyọnu, èmi ni màá lọ bá wọn.

Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Olúwo lọ sílé wọn, níbi tí òórùn ẹja yíyan ti máa ń bá èèyàn wọ aṣọ délé. Ìyá náà ń yan ẹja tà ní ọjà yẹn láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́. Nígbà tí mo dé, ó jókòó sórí ẹní nínú pálọ̀, ó fi ìborùn dúdú bo orí, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó bi mí pé ọmọ ilé wo ni mí. Mo sọ fún un. Ó ní, "Áà, ìyá rẹ àgbà máa ń ra ẹja lọ́dọ̀ ìyá mi! Ó máa ń ná ọjà bí ẹni tó fẹ́ jà." Báyìí ni a di ẹbí. A fi èdè Ẹ̀pẹ́ wa sọ̀rọ̀, èyí tí n kì í rí ẹni bá sọ ní Ìkòròdú.

Ìyá náà mọ̀ ọ́n sọ! Láti nǹkan bí aago mẹ́wàá títí wọ́n fi pe ìrun Àílà lọ́sàn-án, ó ń sọ, èmi ń kọ. Ó sọ bí ọkọ rẹ̀ ṣe rí nígbà ọ̀dọ́. Ó sọ irú ẹja tó fẹ́ràn. Ó sọ pé láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n wá mú ọmọ rẹ̀, ọmọ náà ń wẹ bàbá rẹ̀ ní bálùwẹ̀, nítorí bàbá náà kò lè dìde mọ́, ọmọ ló ń gbé e bí ọmọ tuntun. Ó sọ ti sájẹ́ǹtì náà tó wọlé wá mú un, tó sì ní sùúrù fún wọn títí ọmọ náà fi ṣetán. Ó ní, "Èyí tó wá sẹ́nu ọ̀nà yẹn, ọmọlúàbí ni. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo gbé bíró sókè. Ọpẹ́ kẹ̀? Lọ́wọ́ ọlọ́pàá? Ẹni tó wá mú ọmọ rẹ láìṣẹ̀, tó fọwọ́ síwèé pé apá ọmọ rẹ ti dá tẹ́lẹ̀? Nínú ọkàn mi, mo ní, ìyá yìí ò mọ ohun tó ń ṣe, bí lọ́yà wọn bá rí ọpẹ́ nínú ìwé yìí, ó máa fi bò wá mọ́lẹ̀. Mi ò kọ ọ́. Mi ò kọ ti bálùwẹ̀ náà, mo rò pé àròyé opó ni. Gèésì ni a fi ń kọ ìwé síwájú ìgbìmọ̀, nítorí náà mo kó gbogbo ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ yẹn jọ, mo sọ ọ́ di ojú ìwé kan ní Gèésì: pé òun ni ìyá rẹ̀, pé ara ọmọ òun le koko láàárọ̀ ọjọ́ náà, pé ọwọ́ rẹ̀ kò ní àléébù kankan. Ó mọ́, ó gún, ó dára lójú mi.

Mo gbé yíǹkì sílẹ̀ kó tẹ ìka. Ó wo ìwé náà, ó ní, "Ṣé gbogbo ohun tí mo sọ ló wà níbẹ̀? Ó mà kéré."

Mo ní, "Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, Ìyá. Ẹ ò ní jáde lọ síbì kankan. Ìwé yìí á sọ̀rọ̀ fún yín."

Irọ́ ni. Irọ́ gidi. Ó sì gbà mí gbọ́, ó tẹ ìka rẹ̀ tí èéfín ẹja ti sọ di pípọ́n, ó bá mi fi àkísà nu ọwọ́ tèmi tí yíǹkì kàn. Ó fún mi ní ẹja òbòkún mẹ́ta. Òfin iṣẹ́ wa kò gbà ká gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹlẹ́rìí, mo sì sọ fún un. Ó ní, "Òfin yín ò mọ ìyá rẹ àgbà." Mo fi ẹja sílẹ̀, inú rẹ̀ ò dùn rárá.

Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ dé. Ìpẹ́kítọ̀ náà wá pẹ̀lú lọ́yà rẹ̀, ọkùnrin kan tó máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ kó tó gé èèyàn jẹ. Mo gbé ìwé ìyá náà kalẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ọkùnrin náà dìde. Ó béèrè pé ṣé ìyá yìí mọ Gèésì kà. Mo ní rárá. Ó ní, "Ta ló wá túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ta ló sì ka ìwé yìí padà fún un?"

Ẹ gbà mí! Òfin tí gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ òfin mọ̀ ni pé bí ẹni tí kò mọ̀wé bá tẹ ìka sí ìwé, ẹni tó kọ ọ́ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé òun kà á fún un ní èdè tó gbọ́, ó sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti dá lọ́yà ẹgbẹ́ mi dúró lórí nǹkan yìí kan náà, mo sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ká ní Ìdọ̀mà ni ìyá náà ń sọ ni, ǹ bá ti wá ògbufọ̀, ǹ bá ti kọ ọ́ gàdàgbà. Ṣùgbọ́n èdè ilé wa ló ń sọ. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀, mi ò sì mọ̀ pé mo túmọ̀ ohunkóhun. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́.

Mo lè parọ́ pé mo kà á fún un. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi. Mo wo ọmọ rẹ̀ níwájú, tó gbé ọwọ́ sórí itan bíi pé kì í ṣe tirẹ̀, irọ́ kan ti tó. Mo ní, "Mi ò kà á fún un."

Ẹni tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ náà, ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ adájọ́, bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó wọ́gi lé ìwé náà. Ó ní kí n mú ẹlẹ́rìí náà wá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí ẹ̀rí pé ọwọ́ ọmọkùnrin náà dára nígbà tí wọ́n mú un, ẹ̀sùn wa á kú síbẹ̀. Bí tiwa bá kú, tiwọn tó wà ní kóòtù ló máa yè.

Mo sáré lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mo kọ́kọ́ lọ bá ààfáà àdúgbò wọn, ó ní bí ọ̀rọ̀ bá le, opó lè jáde lọ́sàn-án kó sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Inú mi dùn. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé ìyá náà, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ àfi ohun tí mo yọ kúrò.

Ó wá ní, "Mo gbọ́ ohun tí ààfáà wí, mi ò ta kò ó. Ẹsẹ̀ mi ni kò gbà. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo bá bàbá wọn gbé, oṣù mẹ́rin péré ni mo ní láti fi jókòó dè é. Ṣebí ìwọ lo ní ìwé á sọ̀rọ̀ fún mi?"

Mo sunkún nínú mọ́tò láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìmọ̀ta, nítorí ìbínú ni, mo sì ń bínú sí gbogbo èèyàn: sí ìyá náà, sí lọ́yà ẹlẹ́rìn-ín músẹ́, sí òfin. Nígbà tí mo dé Ìkòròdú, kò ku ẹlòmíràn tí mo lè bínú sí mọ́ bí kò ṣe ara mi. Ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì gbọ́ tẹnu mi tán, ó yí fáànù sọ́dọ̀ mi, ó ní, "Ìbínú ò da nǹkan. Lọ sọ fún ìgbìmọ̀ bí ó ṣe rí, má fi bò. Wọ́n lè lọ bá a." Mi ò tíì dúpẹ́ tó lọ́wọ́ ọ̀gá yẹn.

Mo padà síwájú ìgbìmọ̀, mo ní kí wọ́n bá mi lọ gbọ́ ẹ̀rí nínú ilé opó. Lọ́yà ẹlẹ́rìn-ín músẹ́ fò dìde, ó ní a ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, kí gbogbo ìgbìmọ̀ máa tọ ẹlẹ́rìí kan lẹ́yìn lọ sí pálọ̀ rẹ̀.

Alága wò ó. Ó ní, "Lọ́yà, opó ni kò lè jáde. Ẹsẹ̀ tiwa kò rọ."

Bí a ṣe lọ nìyẹn. A kó ara wa sínú bọ́ọ̀sì kan, àwọn adájọ́ mẹ́ta, akọ̀wé, èmi, lọ́yà náà. Ìpẹ́kítọ̀ àti sájẹ́ǹtì tó lọ mú ọmọ náà tẹ̀ lé wa nínú ọkọ̀ tiwọn. Gbogbo àdúgbò tú jáde. Ní ẹnu ọ̀nà, ìpẹ́kítọ̀ fẹ́ gbé bàtà wọlé. Alága ti bẹ̀rẹ̀ wálẹ̀, ó bọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú bí eékún ṣe ń dùn ún, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ni olúkúlùkù bá bọ́ bàtà. Bàtà ọlọ́pàá ní okùn gígùn, sájẹ́ǹtì náà ló pẹ́ jù níbẹ̀. Mo rí i tó ń wo kọ́tìnnì ẹnu ọ̀nà, tó sì tún bojú wolẹ̀. Mi ò mọ ohun tó ń wò.

Ìyá náà jókòó sórí ẹní rẹ̀, a jókòó sórí àga àti bẹ́ǹṣì yí i ká. Ó fi Kùránì búra. Mo bi í ní ìbéèrè tí mo ti múra sílẹ̀, pé báwo ni ara ọmọ rẹ̀ ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mò ń retí kó ní, "Ara rẹ̀ le."

Ó ní, "Ó ń wẹ bàbá rẹ̀."

Gbogbo rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ, láti orí kàn-ìn-kàn-ìn dé orí ọṣẹ. Mo fẹ́ dá a dúró, mo fẹ́ darí rẹ̀ padà, alága gbé ọwọ́ sí mi pé kí n jókòó. Ìyá náà ní, "Wọ́n ń fun fèrè mọ́tò níta pé kó máa bọ̀. Ọ̀kan wọlé. Mo ní, ọmọ mi, jọ̀ọ́, bàbá rẹ̀ wà ní ìhòòhò, ọṣẹ wà lára rẹ̀, jẹ́ kó gbé e dé orí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, 'Ẹ má wulẹ̀ dààmú mà, màá dúró.' Ọ̀gá rẹ̀ ń bú u láti inú mọ́tò, ó dúró. Ilẹ̀ ń yọ̀. Nígbà tí ọmọ mi gbé bàbá rẹ̀ jáde, òun ló gbé korobá kúrò lójú ọ̀nà kí wọ́n má bàa ṣubú, òun ló ká kọ́tìnnì yẹn sókè kí wọ́n ráyè kọjá."

Ó yíjú. Ó wo sájẹ́ǹtì náà tààrà.

"Ìwọ mà ni. Mo dá ọ mọ̀ láti ìgbà tí o ti ń tú okùn bàtà. Mo ti ń wá ọ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ìwẹ̀ yẹn ni ìwẹ̀ tí ọmọ mi fi ọwọ́ méjèèjì wẹ bàbá rẹ̀ kẹ́yìn. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ó bọ́ sínú sàréè láti gbà á, ọwọ́ kò gbé e, ọmọ ará ilé kejì ló bá a gbà á. Bí o bá ti fà á jáde lọ́jọ́ náà, ì bá má rí ìyẹn náà ṣe. Ọlọ́run á ṣíjú àánú wo ọ."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ti yé lọ́yà ẹlẹ́rìn-ín músẹ́ kó tó yé mi, mo rí i lójú rẹ̀. Ìgbà yẹn ló wá yé èmi náà. Ìyá yìí kò bú ẹnikẹ́ni. Ọpẹ́ ló ń dú, ọpẹ́ náà ló sì fi ọlọ́pàá kan dúró sí ẹnu ọ̀nà, tó ń wo ọmọkùnrin kan tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àgbà ọkùnrin.

Alága ní, "Sájẹ́ǹtì, ṣé o ká kọ́tìnnì yẹn sókè?"

Ìpẹ́kítọ̀ wúkọ́. Lọ́yà wọn ní kì í ṣe àkókò sájẹ́ǹtì láti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n sájẹ́ǹtì náà ti dìde, láìwọ bàtà. Ó ní, "Mo ká a, mi lọ́ọ̀dù. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi gbé bàbá náà. Kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ rẹ̀. Ní àgọ́, ó bẹ̀ wá pé ká jẹ́ kí òun pe ilé, kí òun béèrè bóyá bàbá òun ti jẹun. Ìdí ìbọn ni ọ̀gá fi dáhùn, ó gbá a mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n gbé fún mi. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ foríjì mí." Ìyá náà ló ń sọ ti ìkẹyìn yìí fún, kì í ṣe alága.

Ìyá náà ní, "Mo gbọ́."

Èmi wá fi ìborùn mi nu ojú bí ẹni tí èéfín wọ̀ lójú. Ẹ̀pẹ́ ni, kò sí ẹni tó máa yọ ẹ lẹ́nu tí o bá ní èéfín ni.

Ìdájọ́ ìgbìmọ̀ jáde kí opó tó pé. Wọ́n fa ẹjọ́ tó wà ní kóòtù yọ, ọmọ náà bọ́. Ìjọba san owó ìwòsàn ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì tún eegun náà tò. Wọ́n bọ́ aṣọ ọlọ́pàá lọ́rùn ìpẹ́kítọ̀. Sájẹ́ǹtì náà jẹ̀bi ìwé tó fọwọ́ sí, òótọ́ ni, wọ́n fà á sẹ́yìn ní ipò, wọ́n sì gbé e lọ sí ìlú kan tó jìnnà, níbi tí mo gbọ́ pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í fẹ́ bá a jẹun. Èmi tí mo gbé ìbínú wọ iṣẹ́ yìí, èmi ni mo kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n má bàa lé e. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ tí etí mi ń hó pé màá bẹ̀bẹ̀ fún ọlọ́pàá, ǹ bá ti bá onítọ̀hún jà.

Nígbà tí opó pé, mo lọ kí ìyá náà ní Ọjà Olúwo. Ó ti wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, ó ti padà sídìí ẹja rẹ̀, ó ń bá oníbàárà kan jà lórí iye ẹja àrọ̀. Mo dúró títí ó fi ṣẹ́gun. Lẹ́yìn náà ni mo kúnlẹ̀ láàárín ọjà, mo sọ fún un pé irọ́ ni mo pa fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́, pé mo yọ ọpẹ́ rẹ̀ kúrò, mo yọ ti ìwẹ̀ náà kúrò, àti pé bí òfin kò bá wọ́gi lé ìwé mi ni, ohun tó gba ọmọ rẹ̀ là ì bá má jáde láéláé.

Ó wò mí bí ìyá mi àgbà ṣe máa ń wo ẹja tí kò tutù. Ó ní, "Kí ló dé tí o yọ ọ́?"

Mo ní, "Mo rò pé èèyàn kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fìyà jẹ ẹ́."

Ó ní, "Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọmọ mi wẹ bàbá rẹ̀ tán. Oore ni. Wọ́n dá a lápá. Ìkà ni. Ṣé ọ̀kan ń pa èkejì rẹ́ ni? Ìwọ tó o kàwé." Ó ki ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, ó fa àpótí kékeré kan jáde fún mi. "Jókòó. Ṣé bíró wà lọ́wọ́ rẹ? Kọ ìwé fún mi sí sájẹ́ǹtì yẹn. Mo gbọ́ pé wọ́n gbé e jìnnà."

Mo mú bíró. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, ohun tó sọ gan-an ni mo kọ, mi ò fi ẹyọ kan kún un. Ọjà ń pariwo, ẹni tó bá kọjá a kí i, á dáhùn, á tún padà sórí ìwé.

Ó ní: "Sájẹ́ǹtì, èmi ìyá ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́ ni mo kí ọ. Opó mi ti pé. Wọ́n ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ kì í bá ọ jẹun. Bí o bá wá sí Ẹ̀pẹ́, wá jẹun níbí. Ọmọ mi ti ń fi ọwọ́ náà gbé korobá omi, kì í kún tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbé e. Mo dúpẹ́ pé o dúró."

Ní ìsàlẹ̀, mo kọ ọ́ pé èmi ni mo kọ ìwé yìí, mo kà á fún un ní èdè tó gbọ́, ó sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ṣí yíǹkì. Kò na ọwọ́.

Ó ní, "Kà á ná."

Mo kà á láti òkè délẹ̀ nínú ariwo ọjà. Ó tẹ́tí sí gbogbo rẹ̀, ó ń mi orí. Nígbà tí mo dé ibi ọpẹ́, ó ní kí n tún ibẹ̀ kà, mo tún un kà.

Ó ní, "Ó pé." Ó wá tẹ ìka.